Lẹ́tà Ṣíṣí sí Màmá Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́fà, Lórí Ọ̀rọ̀ Éà Bíréèkì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ìsinmi, ẹ kú afẹ́fẹ́, ẹ kú oòrùn Houston tó ń bó ọ̀dà lára yín díẹ̀díẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín. Ẹ má jẹ́ kó wú yín lórí jù: abẹ́ yín ni bíréèkì wà, ẹni tó bá sì fẹ́ rí i, àfi kó dọ̀bálẹ̀.

Ó yẹ kí n wá bá yín lẹ́yìnkùlé, kí n rọra sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín kì í ṣe nǹkan ní kọ̀rọ̀. Bí ẹ bá mí, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Nítorí náà, gbogbo ayé ni yóò bá wa gbọ́ èyí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ súnmọ́ ibí, ẹ wá bá wa dá sí i. Fún ẹni tí kò bá mọ Màmá, ọkọ̀-ilé ni wọ́n, irú mọ́tò gàgàrà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kó ibùsùn, ìdáná àti balùwẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísù wọn wà nídìí, táyà mẹ́fà ni wọ́n fi ń rìn, éà ni wọ́n sì fi ń dúró. Ọdún 1992 ni wọ́n jáde. Wọ́n wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé òfin Texas ní kí n gba láìsẹ́ǹsì Class B kí n tó lè wà wọ́n. Mo lọ kàwé, mo ṣe ìdánwò, mo yege. Ẹ ò tiẹ̀ kí mi kú oríire.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀sùn kìíní: ẹ kì í mú éà mọ́jú.

Lálẹ́, màá rí i pé abẹ́rẹ́ gééjì méjèèjì wà lókè kí n tó pa ẹ́ńjìnnì. Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn méjèèjì ti sùn sórí òdo. Ibo ni éà náà gbà lọ, Màmá? Ẹ ò sáré, ẹ ò gun òkè, ẹnikẹ́ni ò tẹ bíréèkì. Ẹ kàn jókòó síbẹ̀, ẹ ń tú u sílẹ̀ láti ibi tí ẹ̀yin nìkan mọ̀. Mo gbà pé kò sí ọkọ̀ tó ń mú éà títí ayé, àmọ́ gbogbo nǹkan ló ní ìwọ̀n. Ìwé tí ìjọba fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ ńlá ní Amẹ́ríkà ti fi ìwọ̀n náà lélẹ̀. Fún ọkọ̀ tí kò fa ohunkóhun, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, tí bíréèkì sì wà ní títú, éà kò gbọdọ̀ dín ju 2 psi (ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára éà) lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ pinpin, kò gbọdọ̀ dín ju 3 lọ. Kíkún rẹ̀ náà ní ìwọ̀n: láti 85 dé 100 psi, kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú àáyá 45. Tiyín ńkọ́? Mo lè bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí n gé e, kí n din ín, kí n jẹ ẹ́, kí n sì fọ àwo, kí abẹ́rẹ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọn jìnnìjìnnì dìde. Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n mọ dòdò dín.

Ẹ̀sùn kejì: ariwo àti itọ́.

Bí éà bá ti wà nísàlẹ̀ 60 psi báyìí, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀ ń han gooro. Ìkìlọ̀ ni, mo mọ̀, òfin ló ní kó wà. Èmi tí ẹ ń kìlọ̀ fún ti gbọ́. Ṣé dandan ni kí ẹ kìlọ̀ fún ìyàwó mi lórí ibùsùn, kí ẹ tún kìlọ̀ fún pásítọ̀ tó ń gbé ní òdìkejì títì? Bí éà bá wá kún dé nǹkan bíi 125 psi, tí governor ní kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ń fún éà pọ̀ sinmi, diráyà yín, tó ń gba omi kúrò nínú éà, á tutọ́ sílẹ̀ fàààì! Ajá aládùúgbò á fò, ẹni tó ni ajá á bojú wo ojú fèrèsé, èmi á sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò mọ̀ yín rí.

N ò bá yín jà torí pé ẹ tutọ́ o. Ó yẹ kí ẹ tutọ́. Afẹ́fẹ́ Houston kún fún omi, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ a sì fún omi ọ̀hún pọ̀ mọ́ éà. Bí diráyà ò bá tu ú dànù, inú tánkì ni yóò máa gbé. Yóò jẹ irin, yóò ba inú fáàfù jẹ́, bí a bá sì wà yín dé ibi òtútù, yóò di yìnyín sínú páìpù. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé itọ́ yín ti ń dúdú, ó sì ń yọ̀. Mo fi ìka kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀: òróró ẹ́ńjìnnì ni. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yín ti gbó, ó ń gbé òróró kọjá sínú éà, ó sì ti kun gbogbo oògùn agbomi inú diráyà. Ẹ̀yin lẹ̀ ń mu ún, ẹ̀yin lẹ̀ ń tu ú, èmi ni mò ń rà á.

Ẹ̀sùn kẹta: agídí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn gbọ́ pé éà lẹ fi ń dúró, ni wọ́n bá pè mí. Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kú ni? Bí éà yẹn bá tán lójú ọ̀nà ńkọ́?" Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé bí éà bá tán lára Màmá, wọn ò ní sá lọ síbì kankan. Wọn ò tiẹ̀ ní kúrò lójú kan. Sípíríǹgì líle ló ń di táyà ẹ̀yìn yín mú nígbà tí ẹ bá dúró, éà ló sì ń fà á sẹ́yìn kí ẹ tó lè rìn. Bí éà bá wálẹ̀ dé ibì kan láàárín 45 sí 20 psi, bọ́tìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó mi á ta jáde, sípíríǹgì á gbá táyà mú, ó parí. A kì í tì yín, a kì í fà yín, ẹ ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un. George Westinghouse gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí éà bíréèkì rélùwéè ní 1869, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 22. Nínú èyí tó kọ́kọ́ ṣe, éà ló ń tẹ bíréèkì, torí náà bí páìpù bá já, bíréèkì lọ nìyẹn. Ní 1872 ló yí i padà: kí éà tó bá sọnù fúnra rẹ̀ máa fa bíréèkì. Ìran ọgbọ́n yẹn ló wà nídìí yín. Ṣùgbọ́n, Màmá, Westinghouse ò ní kí ẹ máa lò ó lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé ilé epo, nígbà tí ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn wa ti dé títì.

Ẹ̀sùn kẹrin, òun gan-an ló bí lẹ́tà yìí: ìgbéraga.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí. Fáàfù kan wà lórí áàsù ẹ̀yìn Màmá tí wọ́n ń pè ní relay. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Pẹ́dà wà níwájú pátápátá, bíréèkì tó ṣe pàtàkì jù wà lẹ́yìn pátápátá. Bó bá jẹ́ pé éà láti abẹ́ ẹsẹ̀ mi ló ní láti rin gbogbo ọ̀nà yẹn kó tó dá táyà dúró, a ó ti wọ ilé onílé. Éà pẹ́dà kàn ń ránṣẹ́ sí relay ni, relay á sì ṣílẹ̀kùn fún éà tánkì tó wà nítòsí rẹ̀. Síbẹ̀ náà, éà kì í yára bíi òróró bíréèkì mọ́tò kékeré. Ìwé awakọ̀ tí mo wí lẹ́ẹ̀kan sọ pé lórí títì gbígbẹ, bí ọkọ̀ bá ń sáré máìlì 55 ní wákàtí kan, ìdádúró éà nìkan ń fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 32 kún ibi tí yóò dúró sí.

Mo po omi ọṣẹ, mo da á sórí relay yín. Níbi ihò tí éà tí a ti lò ń gbà jáde, ọṣẹ náà hó, ó wú, ó bẹ́, ó tún wú. Rọ́bà inú rẹ̀ ti gan, ó ti sán. Kò yà mí lẹ́nu, torí ìjókòó ló ń pa rọ́bà yín, kì í ṣe ìrìn. Tírélà tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, rọ́bà rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹ̀yin a jókòó láti ìgbà òtútù títí di ìgbà ooru, lẹ́yìn náà lẹ ó wá fẹ́ kí rọ́bà ọlọ́jọ́ pípẹ́ na ara rẹ̀ bíi ti ọmọdé.

Mo ka nọ́mbà tó wà nínú ìwé yín, mo pe ibi tí wọ́n ń ta páàtì irú yín. Ọmọkùnrin kan ló gbé e. Ó bi mí lọ́dún tí ẹ jáde, mo sọ fún un. Ó dákẹ́. Ó ní kí n ṣe sùúrù. Mo gbọ́ tó ń bi ẹlòmíràn lẹ́yìn bóyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ irú ọkọ̀ náà rí. Ó padà dé, ó ní wọn kì í ṣe nọ́mbà yẹn mọ́, kò sí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀, òun bá mi kẹ́dùn. Màmá, ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń bá mi kẹ́dùn, bí ẹni pé òkú yín ni mo wá gbà.

Mo padà sábẹ́ yín, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ìdọ̀tí àti ọ̀dà kúrò lára fáàfù náà. Kí ni mo rí? Sítíkà tí nọ́mbà yín wà lórí rẹ̀ ti ń ṣí, àmọ́ lára irin gan-an, níbi tí ẹ ti fi ọ̀dà bò ó, àwo kékeré kan wà tó ní nọ́mbà mìíràn, nọ́mbà ilé-iṣẹ́ tó ṣe fáàfù. Mo gbé e lọ sí ilé ìtajà páàtì tírélà. Bàbá tó wà lórí káńtà ò béèrè orúkọ yín, kò béèrè ọjọ́ orí yín. Ó wo nọ́mbà, ó wo ìwé, ó na ọwọ́ sókè, ó gbé páálí kan wá. Tuntun. Owó tó gbà kò tó owó epo tí ẹ máa mu láti Houston dé Dallas.

Nítorí náà, mo ní ìbéèrè kan fún yín níwájú gbogbo èèyàn: ta lẹ pe ara yín? Gbogbo àkókò yìí lẹ ti ń fọ́nnu pé kò sí irú yín mọ́ láyé, tí ìwé yín ń fi orúkọ ńlá pe fáàfù tí gbogbo tírélà agbépo ń gbé kiri. Ẹni tó kan ilé yín kò ṣe áàsù. Ẹni tó ṣe áàsù kò ṣe fáàfù. Ẹni tó kan ilé yín kàn ra fáàfù lọ́jà, ó fún un ní nọ́mbà tirẹ̀, ó tà á ní owó tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ọkọ̀-ilé wá dojú bolẹ̀, tí Fleetwood àti Monaco jọ gba ilé ẹjọ́ lọ torí gbèsè nínú oṣù Kẹta ọdún 2009, ọ̀pọ̀ nọ́mbà bẹ́ẹ̀ ló di òkú. Nọ́mbà ló kú, fáàfù ò kú. Ọmọ Yorùbá kan lè jẹ́ Adéwálé lẹ́nu bàbá rẹ̀, kó jẹ́ Àjàní lẹ́nu ìyá àgbà. Bí ìyá àgbà bá sùn, tí kò sẹ́ni tó ń pe Àjàní mọ́, ẹ lọ sójúde kí ẹ pe Adéwálé, á dá yín lóhùn. Áàsù náà rí bẹ́ẹ̀. Rockwell ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ áàsù ìgbà yín. Ní 1997 ni ẹ̀ka náà di Meritor. Fáàfù tí wọ́n kọ Midland sí lára, ọ̀dọ̀ Haldex ni ìdílé rẹ̀ wà báyìí.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó mọ ọjà páàtì Ládìípọ̀ ní Mushin á ti máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ṣebí a ti sọ fún ọ pé kó o mú sáńpù lọ." Òótọ́ ni, oníṣòwò Ládìípọ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Á gba ti àtijọ́, á gbé e lọ́wọ́, á wo ojú rẹ̀, á wọlé lọ mú ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Ọgbọ́n ni, ó kàn jẹ́ pé ojú nìkan kò tó fún bíréèkì. Relay méjì lè jọra bí ìbejì, kí ihò wọn bára mu, kí bóòtù wọn wọlé, síbẹ̀ kí ọ̀kan máa ṣí bí ẹsẹ̀ bá ti kan pẹ́dà, kí èkejì dúró di ìgbà tí éà bá le díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá fi èyí rọ́pò tọ̀hún ti yí ìgbà tí bíréèkì ẹ̀yìn ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà, kò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ òjò. Nọ́mbà ẹni tó ṣe é, ìwọ̀n éà tó ń ṣí i, ìwọ̀n ojú ihò rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó bára mu.

Ẹ̀sùn karùn-ún: ẹ ò ní àánú ẹni tó ń tọ́jú yín.

Àwọn agolo irin tó wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn yín, tí wọ́n ń pè ní chamber, àwọn ló ń ti bíréèkì. Nọ́mbà 30 wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìyẹn ni pé fífẹ̀ rọ́bà tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ tó ínǹṣì 30 níbùú lóròó. Bí éà 100 psi bá wọ ibẹ̀, agbára 3,000 páùn ló fi ń ti ọ̀pá jáde. Ibi tó le wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí sípíríǹgì tí mo wí lẹ́ẹ̀kan wà. Wọ́n ti fún un pọ̀ mọ́ inú agolo, ibínú ló sì wà. Aládùúgbò mi kan tó fẹ́ràn àtiran èèyàn lọ́wọ́ gbé sípánà dé, ó ní ká tú ìdè rẹ̀ ká wo inú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ máa bá ajá rẹ̀ ṣeré. Bí ìdè yẹn bá ṣí nígbà tí sípíríǹgì ṣì wà ní fífún, orí ni yóò gbé lọ. Bóòtù gígùn kan wà tí wọ́n ṣe fún àtifa sípíríǹgì náà sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó yọ agolo. Ẹ̀yìn ìyẹn, odidi là ń pààrọ̀, méjèèjì lórí áàsù kan náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan. Màmá, ẹ mọ gbogbo èyí, ẹ sì jẹ́ kí ìpẹtà jẹ ibi tí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí.

Ẹ̀sùn kẹfà: ẹ ń fi ọjọ́ orí ṣe àwáwí.

Láti oṣù Kẹwàá 1994 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí slack adjuster, apá tó so ọ̀pá chamber mọ́ bíréèkì, lára ọkọ̀ éà bíréèkì tuntun máa tún ara rẹ̀ ṣe. Láti oṣù Kẹta 1998 ni irú yín tó bá jẹ́ tuntun ti gbọ́dọ̀ ní ABS, tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì. Ẹ bá mi wo ojú Màmá! 1992 ni wọ́n jáde, òfin méjèèjì kọjá lórí wọn, wọ́n ní àwọn kò sí níbẹ̀. Èmi wá ni slack adjuster yín. Èmi ni mò ń gbé sípánà 9/16 wọ abẹ́ yín. Èmi ni mò ń wọn ọ̀pá chamber, torí bí ti irú yín bá jáde ju ínǹṣì 2 lọ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, ó ti kọjá ìwọ̀n nìyẹn. Éà lè kún tánkì dẹ́múdẹ́mú. Bí ọ̀pá bá gùn jù, agbára kò ní dé táyà. Irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú gbígbóná, ló ń pa tírélà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ibẹ̀ sì ni ìbẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi ti tọ́. Síbẹ̀, Raton Pass lẹ ń wò, ní ààlà New Mexico àti Colorado, tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7,800 lọ. Gígun òkè rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro, Màmá. A ó tún sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí mo ti pinnu. Slack adjuster tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ń bọ̀ lára yín, lápá ọ̀tún àti lápá òsì lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ẹyọ kan bí ẹni fi yẹtí kan ṣoṣo lọ òde. Mo ti ka eyín ọ̀pá bíréèkì yín bóyá 10 ni tàbí 28, kí n má baà ra èyí tí kò ní wọlé. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á lọ, diráyà á tẹ̀ lé e. Páìpù rọ́bà tó bá ti sán, ẹ máa sọ pé ó dìgbóṣe. Èyí tó bá ju agbára mi lọ, mẹkáníìkì tírélà ló máa ṣe é, kì í ṣe aládùúgbò alájá. Mo sì ti ra ìwé ńlá kan sí dúrọ́ọ̀ ìdáná yín. Gbogbo páàtì tó bá wọ ara yín, orúkọ ẹni tó ṣe é gan-an àti nọ́mbà rẹ̀ ni mò ń kọ síbẹ̀, kí ẹni tó máa jogún wàhálà yín lẹ́yìn mi má lọ gba ìkẹ́dùn lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kankan lórí fóònù.

Ìṣẹ́jú kan, 2 psi. N ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá tún jò lẹ́yìn gbogbo èyí, lẹ́tà mi tó kàn kò ní gùn. Ojú gíláàsì iwájú yín ni màá lẹ̀ ẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ méjì péré ló máa wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́mbà fóònù mi: TÍTÀ NI.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ẹni tó ń sanwó, tí kò sì tíì lè tà yín.